Àkọsílẹ̀ àtúnṣe oven ẹ̀gbọ́n mi: ìdí tí 230 dígírì fi ń di 163

Oven náà àti ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án

Oven yìí jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Agége. Oníná mànàmáná ni, ti orí tábìlì, ó sì fẹ̀ tó láti gba abọ́ kéèkì méjì pọ̀. Ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ ni 220–240 fólítì, 50Hz, 2000 wáàtì. Ọ̀pá iná mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Element ni àwọn tó ń tà á lọ́jà ń pè é. Bọ́tìnì mẹ́ta ló wà níwájú: ọ̀kan fún ìwọ̀n ooru, láti 100 dé 250 dígírì, ọ̀kan fún yíyan ọ̀pá òkè tàbí ti ìsàlẹ̀ tàbí méjèèjì, ọ̀kan fún aago.

Kéèkì ọjọ́ ìbí àti ti ìgbéyàwó ni ẹ̀gbọ́n mi ń yan tà. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi nìyí: “Jọ̀ọ́, wá bá mi wo nǹkan yìí. Bí mo bá yan kéèkì nírọ̀lẹ́, á pẹ́ níbẹ̀ títí á fi sú mi, àárín rẹ̀ á ṣì máa ṣe pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Bí mo bá tún yan òmíràn lóru, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á jóná, òkè rẹ̀ á funfun báláú. Ibì kan náà ni mo yí bọ́tìnì sí o.” Ní 180 ni wọ́n ń lò ó nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Nígbà tí kéèkì kò jinná bó ti yẹ mọ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi kún un díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé 230.

Ẹnì kan ti wò ó kí n tó dé, ó ní thermostat, ìyẹn ohun tó ń já iná bí oven bá ti gbóná tó, ló kú, kí wọ́n mú owó òmíràn wá. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni náà kò wọn ohunkóhun kó tó sọ ọ́, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n gbà. Thermostat ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi bí oven bá ń ṣe ségesège, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, àìsàn náà á sì wà bó ṣe wà.

Sátidé, ìrọ̀lẹ́: wíwọn ooru

Mítà tí mo ń lò kì í ṣe olówó ńlá, ṣùgbọ́n ó ní wáyà tín-ín-rín kan tó ń wọn ooru. Ẹnu wáyà náà, níbi tí irin méjì ti so pọ̀, kò ju orí pín-ìn-nì lọ. Kí n tó gba ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́, mo tì í bọ inú omi tó ń hó. Ilẹ̀ Èkó kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju òkun lọ, nítorí náà ní 100 dígírì ló yẹ kí omi hó níbẹ̀. Mítà sọ 99. Mo fọ́ omi dídì sínú omi tútù, mo tì í bọ ibẹ̀ náà, ó sọ 1. Ìyẹn tó fún iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣe. Ẹni tí kò bá ní mítà lè ra tẹmómítà tí wọ́n máa ń fi kọ́ inú oven, kò wọ́n, kò sì sí ẹni tó ń yan nǹkan tà tí kò yẹ kó ní ọ̀kan.

Mo fi ẹnu wáyà náà sí agbedeméjì oven, níbi tí abọ́ kéèkì máa ń wà, mo sì rí i pé kò kan irin kankan, torí bó bá kan irin, ooru irin ló máa sọ. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bọ́tìnì wà ní 230, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń lò ó.

Lẹ́yìn ìdajì wákàtí: 131. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 50: 157. Nígbà tó yá ó dé 163, ó sì dúró síbẹ̀, kò lọ sókè, kò padà sẹ́yìn. Ní gbogbo àkókò yìí, iná pupa kékeré tó wà níwájú oven kò kú rárá.

Iná pupa yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Thermostat kì í dá ooru sílẹ̀, gígé ló mọ̀. Nínú oven yìí, ọ̀pá kékeré kan tí òróró wà nínú rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri inú. Páìpù tín-ín-rín kan ló so ó pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn bọ́tìnì. Bí inú oven bá ṣe ń gbóná, òróró á máa wú, á ti awẹ́ irin kan lẹ́yìn bọ́tìnì títí awẹ́ irin náà á fi já iná. Bó bá tutù díẹ̀, òróró á sún kì, iná á tún wọlé. Yíyí tí a ń yí bọ́tìnì, ibi tí awẹ́ irin yẹn á ti já iná nìkan la ń yàn. Nítorí náà, bí iná pupa kò bá kú, ó túmọ̀ sí pé thermostat ṣì ń bèèrè ooru. Ooru tó ń bèèrè ni kò wá. Ẹni tó bá pààrọ̀ thermostat nírú ipò yìí á tún bá 163 níbẹ̀.

Lóru ọjọ́ kan náà, nígbà tí àdúgbò ti sùn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti pa ẹ̀rọ wọn, mo tún tan án. Mi ò fọwọ́ kan bọ́tìnì. Ó gòkè dé 197 kó tó dúró, iná pupa kò sì kú lọ́tẹ̀ yìí náà.

Ìyàtọ̀ dígírì 34 nìyẹn láàárín ìrọ̀lẹ́ àti òru, lórí nọ́ńbà kan ṣoṣo. Kéèkì tó fẹ́ 170 kò lè jinná dáadáa ní 163 tí ooru rẹ̀ pọ̀ nísàlẹ̀ ju òkè lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò lè yè ní 197. Bọ́tìnì tí ẹ̀gbọ́n mi yí sí 230 kò já iná nírọ̀lẹ́, kò já a lóru. NEPA ló ń pinnu bí kéèkì wọn ṣe máa gbóná tó.

Sọ́ńdè: iná tó ń wọlé

Inú extension ni wọ́n ki plug oven sí, torí sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri jìnnà sí tábìlì. Mo wọn iná ní ẹnu extension náà kí n tó tan oven: 201 fólítì. Mo tan oven: 178. Mo gbé oven sún mọ́ ògiri, mo ki plug rẹ̀ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì tààrà, mo tún tan án: 192. Fólítì 14 ló ń sọnù sára extension nìkan.

Mo fọwọ́ kan orí plug extension náà. Kò ṣeé dì mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti dúdú bíi èédú, rọ́bà tó yí i ká ti ń yọ́, òórùn rẹ̀ sì wà níbẹ̀ bí èèyàn bá tẹ imú sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ti ń gbọ́ òórùn náà tipẹ́, kéèkì ni àwọn rò pé ó ń jóná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ń lo oven, áyọ́ọ̀nù tàbí kẹ́tù lórí extension, ẹ fọwọ́ kan orí plug yín lónìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kéèkì mọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ ilé tó lè jó ni.

Mo sọ fún wọn pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, extension yìí ò gbọdọ̀ rí iná mọ́.” Wọ́n ní kí n máa gbé e lọ. Kí n tó gé e dànù, mo lò ó fún ìwádìí kan péré. Mo yọ ọ́ kúrò lára iná, mo la awọ òde wáyà rẹ̀ kí wáyà inú lè ya ara wọn sọ́tọ̀, mo sì fi mítà tó ń gbá wáyà mọ́ra há ẹyọ kan nínú wọn. Bí èèyàn bá há gbogbo wáyà pọ̀, òdo ni mítà náà máa sọ, torí iná tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ń pa ara wọn rẹ́. Mo tan oven fún ìṣẹ́jú díẹ̀, mo sì ka áńpù rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń ṣàn nínú wáyà: áńpù 5, díẹ̀ lé.

Ibí yìí ni iṣẹ́ náà ti yí padà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Oven 2000 wáàtì lórí 230 fólítì máa ń fa áńpù 8.7. Lórí 178 fólítì, ó yẹ kó fa nǹkan bíi 6.7. Mo rí 5. Ìdá kan nínú mẹ́rin ló dín, ọ̀pá mẹ́rin ló sì wà nínú oven. Mi ò tíì tú síkírúù kankan nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ó ti hàn pé ọ̀pá kan kò ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ fólítì fúnra rẹ̀ tún yẹ ká yẹ̀ wò dáadáa, torí ó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Wọ́n rò pé bí iná bá dín díẹ̀, ooru á dín díẹ̀. Bí fólítì bá dín, áńpù náà á dín, méjèèjì la sì ń sọ di púpọ̀ síra wọn kí wáàtì tó jáde. Láti 230 fólítì sí 180, ohun tó dín kò tíì tó ìdá kan nínú mẹ́rin, síbẹ̀ oven 2000 wáàtì ti di 1225. Bó bá já sí 160, ó di 968, kò tó ìdajì mọ́. Nínú oven ẹ̀gbọ́n mi, pẹ̀lú ọ̀pá mẹ́ta lórí 178 fólítì, nǹkan bíi 900 wáàtì ló kù. Inú àpótí ńlá tí ara rẹ̀ fúyẹ́ bẹ́ẹ̀, ooru tó ń gba ara irin jáde á bá èyí tó ń wọlé dọ́gba kó tó dé 170. Ohun tó fi dúró ní 163 nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé: búrẹ́dì onísíláìsì

Kí n tó tú u, mo fẹ́ fojú rí ibi tí ooru kò dé. Mo to búrẹ́dì onísíláìsì kún orí irin agbedeméjì, mo tan ọ̀pá òkè nìkan. Nígbà tí mo fà á jáde, ìlà ẹ̀yìn ti pọ́n, ìlà àárín pọ́n ní ìdajì kan, ti iwájú funfun bó ṣe ti inú ọ̀rá jáde. Ọ̀pá òkè, ti iwájú. Àyẹ̀wò yìí kò ná èèyàn ju búrẹ́dì lọ, ó sì ṣeé ṣe fún oven èyíkéyìí, ti gáàsì náà.

Mo yọ plug, mo dúró títí oven fi tutù, mo tú awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ṣe pàtàkì kí èèyàn yọ wáyà kúrò lẹ́nu ọ̀pá kọ̀ọ̀kan kó tó wọ̀n ọ́n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ọ̀pá yòókù á máa dáhùn fún èyí tó ti kú. Ọ̀pá 500 wáàtì lórí 230 fólítì yẹ kó jẹ́ nǹkan bíi ohm 106, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe ń dí iná lọ́wọ́. Mẹ́ta sọ 105, 107 àti 106. Ti iwájú lókè kò sọ nǹkan kan: inú rẹ̀ ti já.

Mo gbé ọ̀pá náà sí ojú oòrùn. Níbi tó sún mọ́ ìpẹ̀kun kan, awọ irin rẹ̀ ti wú díẹ̀, ó sì sán ní ibi tó wú náà. Ẹ̀bu funfun rọra ń dà jáde níbẹ̀ bí mo ṣe ń gbọn ọ́n. Magnesium oxide ni ẹ̀bu yìí. Wáyà tó ń gbóná gan-an wà láàárín, nickel àti chromium ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, ẹ̀bu yìí ló sì yí i ká kó má bàa kan awọ irin. Ó ń jẹ́ kí ooru kọjá, kò jẹ́ kí iná kọjá. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń fa ọ̀rinrin. Ọ̀pá tó bá sán, kódà bó bá ṣì ń gbóná, ó lè jẹ́ kí iná bọ́ sára oven, kí ẹni tó fọwọ́ kan irin rẹ̀ gba ṣọ́ọ̀kì. Nítorí èyí mo wọn àárín ẹnu ọ̀pá mẹ́ta yòókù àti ara irin oven. Kò sí nǹkan kan tó ń jò. Mo tún rí i pé wáyà ilẹ̀ so mọ́ ara irin dáadáa.

Ọ̀pá olóròóró ti thermostat wà lẹ́nu ìkọ́ rẹ̀. Bọ́tà tó ti gan ló bò ó, mo nu ún. Bó bá jẹ́ pé ó ti já bọ́ sórí ọ̀pá ìsàlẹ̀ ni, á máa já iná kí oven tó gbóná, mo ti rí ìyẹn lára oven ẹlòmíràn rí. Ti ẹ̀gbọ́n mi kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn.

Ó ku ilẹ̀kùn. Mo fi ìwé pẹlẹbẹ há a, mo ti ilẹ̀kùn, mo fa ìwé náà. Lápá òsì ìwé yẹn dúró gbọin. Lápá ọ̀tún, ní igun òkè, ó yọ́ jáde wọ́ọ́rọ́. Sípíríǹgì ìdè ọ̀tún ló ti rọ̀.

Alábà

Mo mú ọ̀pá tó kú náà dání lọ sí Alábà, torí gígùn àti irú ẹnu wọn pọ̀ lóríṣiríṣi. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi fẹ́ kí n mú ti 800 wáàtì: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú èyí, èyí ló máa gbóná.” Mi ò gbà. Ọ̀pá 800 níwájú, 500 lẹ́yìn, iwájú kéèkì ló máa jóná lọ́tẹ̀ yìí, wáyà inú oven àti bọ́tìnì rẹ̀ yóò sì gbé ju ohun tí wọ́n ṣe wọ́n fún lọ. Mo mú 500. Mo wọ̀n ọ́n níwájú rẹ̀ kí n tó sanwó, ó sọ 106. Mo ra sípíríǹgì méjì, kí ti òsì àti ti ọ̀tún lè lágbára bákan náà.

Títò ó padà

Kò sí jíjó léèdì níbí. Léèdì tí a fi ń so wáyà rédíò máa ń yọ́ ní nǹkan bíi 183 dígírì, inú oven ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síkírúù ni mo fi di ẹnu wáyà mọ́ ọ̀pá, pẹ̀lú wáṣà irin, mo sì fi awọ funfun tí wọ́n fi òwú gíláàsì hun bo wáyà níbi tó ti sún mọ́ ooru. Mo fi yanrìn pépà ha gbogbo ẹnu wáyà tó ti dúdú títí irin wọn fi ń dán. Ẹnu tó dọ̀tí máa ń gbóná, bó bá gbóná á tún dọ̀tí sí i, ibi tí plug extension yẹn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Fọ́ìlì tí ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ sísàlẹ̀ kí bọ́tà má bàa dà sí i, mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Ó ń dá ooru ọ̀pá ìsàlẹ̀ padà sókè sí ìdí abọ́. Nígbà tí òkè ti ń tutù, ìdí abọ́ ló ń jìyà gbogbo rẹ̀.

Mo tan án lófìfo lẹ́ẹ̀kan, fèrèsé ṣí sílẹ̀. Ó rú èéfín díẹ̀, òróró tó wà lára ọ̀pá tuntun ni, ó sì dáwọ́ dúró.

Ìwọ̀n tuntun

Ìrọ̀lẹ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri tààrà, bọ́tìnì ní 180. Iná tó ń wọlé jẹ́ 189 fólítì nígbà tí ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń jó, ìyẹn nǹkan bíi 1350 wáàtì. Kò tó 2000, ṣùgbọ́n ó ju 900 lọ fíìfíì, ilẹ̀kùn kò sì jò mọ́. Ooru gòkè láìdúró, ó kọjá 180, ní 198 iná pupa kú.

Ẹ̀gbọ́n mi pàtẹ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí i kí iná yẹn kú.

Lẹ́yìn náà ó ń lọ ó ń bọ̀ láàárín 168 àti 192. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rù èyí. Thermostat olóròóró kò lè dúró sójú kan. Kéèkì kì í tètè mọ lílọ bíbọ̀ náà lára bí afẹ́fẹ́ ṣe ń mọ̀ ọ́n, ìwọ̀n tó wà láàárín méjèèjì ló ń gbà. Ìwọ̀n àárín náà sì jẹ́ 180. Thermostat tí wọ́n fẹ́ jù nù ló péye tó báyìí. Ohun tí mo ní kí wọ́n máa ṣe ni pé kí iná pupa kú lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó ti kéèkì wọlé, torí ìgòkè àkọ́kọ́ ló máa ń ga jù. Lóru, ohun kan náà ni mo rí, àfi pé ó yára dé ibẹ̀.

Búrẹ́dì onísíláìsì lẹ́ẹ̀kejì: gbogbo rẹ̀ pọ́n, ìlà ẹ̀yìn pọ́n díẹ̀ ju ti iwájú lọ. Ogiri ẹ̀yìn ń dá ooru padà, gíláàsì ilẹ̀kùn ń jẹ́ kí ó lọ. Yíyí abọ́ padà nígbà tí kéèkì bá ti wú tán tó sì ti le lójú ló yanjú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ stabilizer

“Ṣé kí n kúkú ra stabilizer?” Mo ní kí wọ́n ní sùúrù. Stabilizer kì í dá iná, ó ń fi áńpù ra fólítì ni. Kí oven 2000 wáàtì tó rí 230 láti inú iná tó jẹ́ 160, stabilizer á fa ju áńpù 12 lọ láti inú wáyà opó kan náà, wáyà tó ti ń tiraka tẹ́lẹ̀. Iná á tún wálẹ̀ sí i fún gbogbo ilé. Bó bá sì jẹ́ pé sọ́kẹ́ẹ̀tì kò dára, ibẹ̀ ni yóò jó. Ẹni tó bá máa rà á, kó kọ́kọ́ tún wáyà ilé ṣe, kó sì ra èyí tó tóbi ju oven lọ dáadáa. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní “I pass my neighbour” kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá, kò lè gbé ìdajì oven yẹn.

Ohun tí mo fi sílé fún wọn ni mítà kékeré oníná pupa tí wọ́n ń ki sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, tó ń fi fólítì hàn. Kí wọ́n tó po bọ́tà mọ́ ṣúgà ni kí wọ́n wò ó, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pò ó tán. Bó bá wà lábẹ́ 180 nígbà tí oven ń jó, kí wọ́n dúró de òru.

Kéèkì àkọ́kọ́ lẹ́yìn àtúnṣe jẹ́ ti oníbàárà wọn kan, bọ́tìnì ní 170, ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí igi ìtayín jáde láìsí nǹkan lára rẹ̀, mo fi wáyà mítà gún àárín: 97 dígírì. Wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ kí n rí ìdí rẹ̀. Ó pọ́n bákan náà láti etí dé etí.

Ohun tó kù: oníwáyà ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti fa wáyà 2.5 tuntun láti bọ́ọ̀dù wá sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì 13 áńpù tirẹ̀. Bọ́tìnì aago ṣì ń pẹ́ kó tó dún, mi ò tíì tú u. Títí mo máa fi tú u, fóònù ni wọ́n fi ń ka ìṣẹ́jú.